Ta ló ń ṣọ́ ọjà? Ìtàn àfọwọ́rá oúnjẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ṣọ́ọ̀bù ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwa mẹ́ta la wọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan lọ ra búrẹ́dì. Bá a ṣe ń dúró gba ṣéńjì ni ọmọ tó ń bá wọn tajà pariwo mọ́ ọmọkùnrin kan tó ń jáde lọ. Wọ́n gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè, wọ́n bá Indomie méjì àti mílíìkì alápò kékeré mẹ́ta níbẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè orúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ti pé lé e lórí. Ẹnì kan ní kí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ẹlòmíì ń béèrè ibi tí táyà wà. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló gbà á sílẹ̀. Ó gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kó kọ́kọ́ san owó ohun tí ọmọ náà gbé. Bí ariwo ṣe rọlẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sanwó nínú wọn. Àwa la san án, ọmọ náà sì wọ òkùnkùn lọ láì wo ojú wa.

Nígbà tá a dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwa ara wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀kan nínú wa ní a ti fi owó wa kọ́ olè pé kó tún padà wá. Èkejì ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ní ìyá òun ń ta oúnjẹ ní ọjà Akẹ̀sán, iná ọdún 2020 sì ti jó ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má wá máa ṣàlàyé ebi fún òun. Ìjà yẹn ló rán wa lọ sídìí ìtàn: báwo làwọn baba wa ṣe ń ṣe é nígbà tí kò sí kámẹ́rà, tí kò sì sí ọlọ́pàá?

Ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Yorùbá kì í pe gbogbo olè ní orúkọ kan ṣoṣo. Ọlọ́ṣà ni ẹni tó ń dáni lọ́nà tàbí tó ń ká ni mọ́lé. Jàgùdà ló ń yọ ni lápò láàárín èrò. Gbéwiri ni olè kéékèèké tó ń gbé ohun tí ojú olóhun bá kúrò lára rẹ̀. Èyí tó kàn wá ni àfọwọ́rá: kò sí ìbọn, kò sí ọ̀bẹ, ọwọ́ lásán ni. Etí tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá yìí kan náà ló ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Nítorí náà, nínú èdè wa, ìwà náà lè kéré, àmọ́ àbàwọ́n rẹ̀ kì í kéré.

Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjà tí kò ní olùtajà. Àgbẹ̀ á kó iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, á sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó ń kọjá á mú èyí tó wù ú, á ka owó ẹyọ sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, olóko á dé, á ṣa owó rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí tán, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rọra o. A ò gbà pé áńgẹ́lì ni àwọn èèyàn ìgbà náà. Ẹ wo ọ̀nà oko yẹn dáadáa: agboolé mélòó ló ń gba ibẹ̀? Ẹni tó ń kọjá, wọ́n mọ baba rẹ̀, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ oríkì rẹ̀, bí iṣu kan bá sì dín, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Owó ẹyọ gan-an wúwo: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù odidi èèyàn kan sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ jí owó ọjà gbé á làágùn. Ojúlùmọ̀ ló ń ṣọ́ ọjà náà. Òkúta kàn ń kéde iye owó ni.

Kì í sì í ṣe ojú èèyàn nìkan. Ààlè wà. Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, bàtà tó já, ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán, ṣúkù àgbàdo: wọ́n á so ó mọ́ igi eléso tàbí kí wọ́n gbé e lé ẹrù, á sì máa sọ fún olè ohun tí yóò dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, kọ odidi ìwé lórí ààlè ní 2011, ó pè é ní Vigilant Things. Ohun tó yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé pàǹtírí ni gbogbo wọn. Ohun tí olè kankan ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ohun tí olè fẹ́. Ìkarahun tó ti ṣófo ń sọ pé ilé rẹ á ṣófo bí èmi.

Òfin oko tún wà tí a gbọ́ lẹ́nu bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa, tí ọ̀pọ̀ nínú yín náà á ti gbọ́: arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè wa iṣu kan, kó sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Tó bá di ẹyọ kan sínú àpò, ó ti di olè. Ẹ wò ó, òfin tó rọrùn nìyí, kò sì nílò adájọ́. Ohun tí ẹnu jẹ ní ojú ibẹ̀, ti ebi ni. Ohun tí àpò gbé lọ, ti ojúkòkòrò ni.

Ẹni tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ ń kọ́? Wọ́n á gbé ohun tó jí kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á fi ìkarahun ìgbín sí i, wọ́n á fi eérú kùn ún lójú, àwọn ọmọdé á máa lu agolo tẹ̀ lé e yí ìlú po. Ó burú. A ò ní kí wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ìtìjú bá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń sanwó fún olóhun, àwọn náà ló ń wá bẹ̀bẹ̀ lálẹ́, torí ọmọbìnrin ilé yẹn fẹ́ lọ́kọ, wọ́n á sì wádìí ilé kí wọ́n tó fẹ́ ẹ.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wá parọ́ pé àwọn alágbára ń tẹ̀ lé òfin yìí. Ní Ọ̀yọ́, tí Ṣàngó ti jẹ́ Aláàfin kó tó di òrìṣà, ìbẹ̀rù àrá ń lé olè sá. Síbẹ̀, bí àrá bá bọ́ sí ilé kan, àwọn oníṣàngó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé kó ẹrù, kí wọ́n sì tún bu ìtanràn lé onílé. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, tí Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ogun gba gbogbo ilẹ̀. Àwọn tó sá wá pọ̀ débi pé Ògbómọ̀ṣọ́ di ìlú ńlá. Nígbà náà, ọmọ ogun ń jẹ oko olóko, kò sì sẹ́ni tó ń fi eérú kùn ún lójú. Samuel Johnson, àlùfáà tó sìn ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (ìwé náà ò jáde títí di 1921), kọ púpọ̀ nípa àwọn ogun wọ̀nyẹn.

Ìjàyè ló dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Láàárín 1860 sí 1862, Ìbàdàn, tó ń jà lórúkọ Aláàfin Adélù, dojú kọ Kúrunmí, Ìjàyè sì wó ní Oṣù Kẹta 1862. Kí ó tó wó, ọ̀nà oko ti dí, ìyàn sì mú nínú ìlú. Àwọn òbí ń fi ọmọ dúró bí ìwọ̀fà, àwọn míìràn ń fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kàkà kí n jalè, kàkà bẹ́ẹ̀ ma kúkú ṣẹrú. Tẹ́lẹ̀, àṣejù ọ̀rọ̀ la kà á sí. Lẹ́yìn tá a ka ìtàn Ìjàyè tán, a rí i pé àwọn kan gbé e bẹ́ẹ̀ ní ti gidi, lórí ọmọ tiwọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́ ní Oṣù Kọkànlá 1895, Captain Bower ló ṣáájú wọn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916 wá sọ olè jíjà di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba, kì í tún ṣe sí ìyá oníṣu mọ́. Títí dòní, apá 390 nínú òfin náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló tọ́ sí olè jíjà tí kò bá ní ìjìyà míìràn. Kò sí ẹni tó ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi yìí dáadáa. Láyé àtijọ́, ẹbí olè ń sanwó fún olóhun. Lábẹ́ òfin tuntun, olè lọ sẹ́wọ̀n, olóhun pàdánù ọjà, ó tún pàdánù ọjọ́ tó fi lọ jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kan Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ìlú oníṣòwò ni. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kún Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, pẹ̀lú àwọn ará Ìgbẹ́tì àti Ìlọrin, tí wọ́n ń tajà wẹ́wẹ́ láti Kumasi títí dé Tamale. Ní Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ fi ọjà sílẹ̀ lórí igbá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì padà ṣí i mọ́. Ọdún yẹn náà ni ìjà owó orí, ti Àgbẹ́kọ̀yà, dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì pa Ṣọ̀ún Ọlájídé ní Oṣù Keje. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan níbí bá sọ fún yín pé òun ò fẹ́ kí èrò pé jọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun, ó ní ìdí.

Ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà ò tíì pẹ́ láyé. Ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà ni Clarence Saunders ti ṣí Piggly Wiggly ní 1916. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó ń tà ló ń gbé ọjà fún ẹni tó ń rà. Saunders yọ ọmọ ìtajà kúrò, ọjà pọ́ọ́kú, ọwọ́ oníbàárà sì wọ orí pẹpẹ. Kì í ṣe pé kò sí àfọwọ́rá ṣáájú ìyẹn: ní 1699, òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá jí ọjà tó tó ṣílè márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù, ikú ni. Ikú náà ò sì fòpin sí i. Lónìí, àwọn ọlọ́pàá England àti Wales kọ ju 500,000 ẹ̀sùn jíjí ọjà ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láàárín ọdún 2024 nìkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham àti Manchester á ti máa rí bọ́tà tí wọ́n fi àmì tó ń ké dè.

Ní tiwa, súpámákẹ́ẹ̀tì dé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ojúlùmọ̀ ti ń dín. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti wá láti ibi gbogbo láti 1990, ti Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ láti 2005. Ta ló mọ baba wa níbí? Ní ọjà Akẹ̀sán, olùtajà jókòó síwájú igbá rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń bá a wò ó. Nínú ṣọ́ọ̀bù olójú-ọ̀nà mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nídìí owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí àwọn kan máa ń sọ pé Indomie kan kò lè pa olówó. Ká ní páálí kan jẹ́ 40, ká sì ní èrè orí páálí náà jẹ́ owó ẹyọ méjì. Bí wọ́n bá jí ẹyọ kan, ìdajì èrè ti lọ. Bí wọ́n bá jí méjì, ìyá náà ti fi gbogbo páálí ṣe ọ̀fẹ́. Mẹ́ta, ó ti jẹ gbèsè. Kí ló máa ṣe? Á fowó lé ọjà, á da ọmọ ìtajà dúró láìsan owó oṣù, tàbí kó na wáyà sójú ṣọ́ọ̀bù kí o máa nàka sí ohun tó o fẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ohun tó sì kọ́kọ́ ń kú ni àwìn. Ẹni tí àwìn kú mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ọmọ olówó.

Ebi náà kì í ṣe àròsọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, owó oúnjẹ ò dúró lójú kan mọ́. Àjọ NBS sọ pé ní Oṣù Kẹfà 2024, owó oúnjẹ ti fi 40.87% ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti retí ẹ̀bùn ọdún. Àwa ò lè ka ìyẹn tán ká wá máa sọ pé ìmẹ́lẹ́ ló ń pa àwọn èèyàn.

Ní Oṣù Kẹwàá 2020 ńkọ́, nígbà tí àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí Mazamaza ní Èkó àti ti Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń gbé Indomie àti ìrẹsì Kòrónà lé orí? Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. A ní tiwọn ni, ìjọba ló tì í mọ́lé. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò lọ, tí wọn ò ti oúnjẹ ẹnikẹ́ni mọ́lé. Òfin oko ò sọ̀rọ̀ nípa ilé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ nípa àpò.

Ọ̀rọ̀ táyà tí wọ́n béèrè lọ́jọ́ yẹn, òun ni kò jẹ́ ká sùn. Ní 5 Oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ UNIPORT mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, lórí ẹ̀sùn olè tí kò sí adájọ́ tó gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ní 2017 ni kóòtù dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó ṣe é, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà àtijọ́ ló fa irú èyí. Rárá. Ẹni tí wọ́n ń fi eérú kùn lójú, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà síbẹ̀. Ẹni tí èrò ń dáná sun, àlejò ni, kò sí ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀ fún un.

Bí èrò ò bá pa á, tí a mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ibo ló ń lọ? Ní Ọ̀yọ́, Abólóńgò ni. Wọ́n ṣí ọgbà náà ní 2007 fún èèyàn 160. Ní alẹ́ 22 Oṣù Kẹwàá 2021, tí àwọn agbébọn fi àdó olóró wó ògiri rẹ̀, èèyàn 907 ló wà níbẹ̀. Nínú wọn, 64 péré ni kóòtù ti dájọ́ fún. Àwọn 843 tó kù ṣì ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwa ò mọ ẹ̀sùn kálukú wọn, a ò sì ní pè wọ́n ní olè Indomie. Ṣùgbọ́n ọmọ tá a rí lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá gbé e lọ, àárín àwọn tó ń dúró ni wọn ì bá jù ú sí, tí kò bá rí ẹni dúró fún un.

Ní Ítálì, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ọkùnrin aláìnílé kan sílẹ̀ ní 2016. Wàràkàṣì àti sọ́séèjì tí owó wọn ò tó yúrò márùn-ún ló gbé ní Genoa. Wọ́n ní ẹni tí ebi ń pa, tó mú oúnjẹ díẹ̀ láti fi gbé ẹ̀mí ró, kò jẹ̀bi. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ka èyí fún bàbá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyẹn ni. Ó wá béèrè ìbéèrè kan tí ìròyìn náà ò dáhùn: ta ló sanwó fún oníṣọ́ọ̀bù?

Àwa mẹ́ta ò tíì fẹnu kò títí di àkókò yìí. A padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ti na wáyà bo ìdajì pẹpẹ, mílíìkì àti Indomie ló kó sẹ́yìn rẹ̀. Búrẹ́dì ló fi sílẹ̀ síta. Ó tún ní ìwé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan lábẹ́ kàǹtà báyìí: ẹni tí owó rẹ̀ ò pé á kọ orúkọ, nọ́ńbà ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tó mú, kò sì gbọdọ̀ ju búrẹ́dì kan lọ kó tó san ti àkọ́kọ́. Ó ní àwọn méjì ti sá lọ pẹ̀lú gbèsè, àwọn yòókù ń san án. Ó ṣí ìwé náà hàn wá. Orúkọ mọ́kànlá ló wà lójú ewé yẹn, ọ̀kan nínú wa sì ni ẹnì kejì láti ìsàlẹ̀.